Húùdù lẹ́ńsì: ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lò ó, ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ yọ ọ́

Ẹ lọ sí òde àríyá èyíkéyìí lọ́jọ́ Sátidé, ní Èkó o, ní Ìbàdàn o, kẹ́ ẹ wo ọwọ́ àwọn onífọ́tò. Ẹ máa rí lẹ́ńsì olówó ńlá, ẹ máa rí fíláàṣì àti báàgì rẹpẹtẹ, àmọ́ húùdù, ìyẹn ike dúdú tó yẹ kó wà lẹ́nu lẹ́ńsì yẹn, àwọn kan ò ní in rárá, àwọn mìíràn ní in ṣùgbọ́n wọ́n dojú ẹ̀ kọ ẹ̀yìn bó ṣe wà nínú páálí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ya pátì ọ̀hún tán. Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀. Kódà ó tún ń dí wọn lọ́wọ́, torí ó ti bo òrùka tí wọ́n fi ń súùmù tàbí èyí tí wọ́n fi ń ṣe fókọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ húùdù ò lọ́jú pọ̀ rárá. Ó ń dènà ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí orísun ẹ̀ ò sí nínú fọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń yà, àmọ́ tó ń kan dígí iwájú lẹ́ńsì. Tẹ́ ẹ bá ti di ìyẹn mú ṣinṣin, kò sẹ́ni tó tún máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa lò ó fún yín.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ń bà jẹ́

Dígí kan ṣoṣo kọ́ ló wà nínú lẹ́ńsì. Canon 50mm f/1.8 STM tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dígí 6 ló wà nínú ẹ̀, 24-70mm f/2.8L II tiwọn ní 18. Ojú dígí lásán tí wọn ò kun nǹkan kan sí máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà, nǹkan bíi 4 nínú 100 èyí tó bá bà á, èyí tí wọ́n kùn dáadáa lè má tó 1. Ó dà bíi pé ó kéré, ṣùgbọ́n nígbà tí dígí bá pọ̀ tó yẹn tí oòrùn sì ń ràn sójú lẹ́ńsì tààrà, ìwọ̀nba tó ń ta padà yẹn á máa gbá kiri láti orí dígí kan sórí òmíì títí á fi balẹ̀ sórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà ti ń gba àwòrán sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rán an níṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ló fi ń hàn. Àkọ́kọ́ ni àwọn bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé tàbí àlùkò tó máa ń tò gba àárín fọ́tò kọjá, ìyẹn ò le, ojú rí i, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìkejì ló burú torí pé jẹ́ẹ́ ló ń wọlé: gbogbo fọ́tò á kàn funfun díẹ̀ bíi pé èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, dúdú ò ní dúdú mọ́, pupa ò ní pọ́n tó bó ṣe yẹ, ẹ̀yin á wá máa rò pé kámẹ́rà yín ló ti gbó.

Lọ́dọ̀ wa, ìkejì yìí ló yẹ kó ká wa lára jù. Ẹni tó bá ń ya aṣọ òkè mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ wo ìyá ìyàwó tó wọ etù, etù gidi tí aró ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán tí ìlà funfun tín-ín-rín wá là á kọjá, kí ìyá yìí jókòó síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kánópì wọlé wá bá lẹ́ńsì yín. Láìsí húùdù, aró yẹn á di eérú, ìlà funfun ò ní yàtọ̀ sára aṣọ mọ́, gèlè á kàn dà bí ohun tí wọ́n fi páálí gé, torí òjìji tó wà láàárín ìṣẹ́po ẹ̀ ló ń jẹ́ ká rí wíwé ẹ̀, òjìji ọ̀hún sì ti lọ. Awọ ara ńkọ́? Awọ dúdú tó ń dán, ibi tó ṣókùnkùn lára ẹ̀ ló ń gbé ibi tó ń dán yọ. Tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bá ti bò ó, ojú èèyàn á gbẹ, á wá rí bí ẹni tí ò fi ìpara kankan jáde nílé. Oníbàárà ò ní mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni, wọ́n á kàn ní fọ́tò yìí ò jọ àwọn.

Àwọn kan á ní àwọn á tún un ṣe nínú Lightroom tí wọ́n fi ń ẹ́díìtì fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, pé ṣebí Dehaze tó ń mú èéfín kúrò wà ńbẹ̀. Ó wà ńbẹ̀ lóòótọ́, láti 2015 ni wọ́n ti fi sí i, ó sì wúlò. Àmọ́ ẹ fà á pọ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo ojú àwọn èèyàn, ó máa ṣú, àwọ̀ ara á pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ibi òjìji á máa ní hóró-hóró, ẹ tún wá jókòó ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò ẹ máa tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ike tí ò tó owó epo tẹ́ ẹ fi dé òde.

Ohun míì ni pé fókọ́ọ̀sì náà máa ń ṣe ségesège nírú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín dúdú àti funfun ni kámẹ́rà fi ń mọ ibi tó máa dì mú, tí ìyàtọ̀ yẹn bá ti ṣá, lẹ́ńsì á kàn máa lọ síwá-sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá èyí tó bá lẹ́ńsì yín mu

Lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ló ní húùdù tiẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ sì máa ń wà lára ike ọ̀hún àti nínú ìwé tó bá lẹ́ńsì wá. Canon 50mm f/1.8 STM, ES-68 ni tiẹ̀. Canon 85mm f/1.8 USM, ET-65III. 24-70mm f/2.8L II, EW-88C. Canon 18-55mm tó jẹ́ IS STM, EW-63C, ṣùgbọ́n 18-55mm IS II àtijọ́, EW-60C, ẹ má fi wọ́n wé ara wọn o, wọn ò jọ wọ ara wọn. Nikon 50mm f/1.8G, HB-47. Ẹni tó bá ra Canon tí kì í ṣe onílà pupa, ìyẹn àwọn olówó ńlá tó ní L lórúkọ, kó máa retí pé húùdù ò ní sí nínú páálí, ó máa lọ rà á lọ́tọ̀ ni.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra ti ilé iṣẹ́ tó ṣe lẹ́ńsì. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bíi JJC ń ṣe irú ẹ̀ tó dáa, ẹ sì máa rí oríṣiríṣi tí ò lórúkọ ní Computer Village. Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wé e mọ́ lẹ́ńsì yín lójú olùtajà, ó gbọ́dọ̀ dún kẹ́, kó má sì máa mì. Lẹ́yìn náà ẹ wo inú ẹ̀. Inú húùdù gbọ́dọ̀ dúdú láìdán, àwọn kan máa ń ní ìlà wẹ́wẹ́ tàbí aṣọ múlọ́múlọ́ nínú, torí tí inú ẹ̀ bá ń dán bí àwo, òun fúnra ẹ̀ á máa ta ìmọ́lẹ̀ sójú lẹ́ńsì, ẹ ti sanwó ra wàhálà nìyẹn. Èyí tó bá ń dán tẹ́ ẹ ti rà tẹ́lẹ̀, ẹ gé aṣọ dúdú onírun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀, ó máa dáa.

Nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́ńsì, 49mm, 58mm, 77mm, 82mm, ti fílítà nìyẹn, dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu lẹ́ńsì. Húùdù tó ń yí wọ ibi tí wọ́n ń yí fílítà sí, irú èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, ló ń lo nọ́ńbà yẹn, àwọn ọlọ́jà sì fẹ́ràn láti máa tà á fún gbogbo èèyàn pé "58 ni, á wọ̀ ọ́". Á wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pé ó wọ̀ ọ́ ò ní kó má yọjú sínú fọ́tò. Lẹ́ńsì tó ń rí ibi tó fẹ̀, bíi 18mm tàbí 24mm, húùdù kúkurú ló yẹ ẹ́, lẹ́ńsì tó ń fa ọ̀nà jíjìn wá sí tòsí, gígùn ló yẹ ẹ́, ẹ bá gbé ti 85mm fún 24mm, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò yín á ṣókùnkùn.

Èyí tó gé ní ẹnu bí ewé òdòdó àti èyí tó rí roboto, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Fọ́tò ní igun, fífẹ̀ 3 sí gíga 2 ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀, igun yẹn ló sì ń rí ibi tó jìnnà jù sí ẹ̀gbẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé húùdù lulẹ̀ níbi igun tí wọ́n wá fi ẹ̀ka méjì tó gùn sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́ńsì tí iwájú ẹ̀ máa ń yí nígbà tó bá ń wá fókọ́ọ̀sì, bíi 18-55mm IS II yẹn, kò lè lo elewé, torí ewé ọ̀hún á máa yí lọ síbi tí ò yẹ, roboto ni wọ́n ṣe fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wé e dáadáa, kẹ́ ẹ dán an wò

Àmì kékeré wà lára húùdù, òmíràn wà lára lẹ́ńsì. Ẹ fi àmì kan àmì, ẹ yí i títí á fi dún. Tó bá jẹ́ elewé, ẹ wò ó látiwájú, ẹ̀ka gígùn gbọ́dọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀ gan-an, tó bá dagun díẹ̀ báyìí, igun méjì tó dojú kọra wọn nínú fọ́tò á dúdú, ẹ sì lè má rí i lójú kámẹ́rà títí dilé.

Lẹ́ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe ìdánwò yìí fún lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ dojú kọ ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run tó mọ́, ẹ fẹ súùmù dé ibi tó fẹ̀ jù, ẹ gbé f, ìyẹn ìwọ̀n bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, lọ sí 16 torí ibẹ̀ ni etí húùdù ti ń hàn ketekete, ẹ yà á, ẹ gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńlá wò lórí sikíríìnì. Tí fílítà bá wà níwájú, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ yà á, torí fílítà méjì lórí ara wọn pẹ̀lú húùdù lè jẹ́ ohun tó máa dí igun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo dígí iwájú

Èyí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Tẹ́ ẹ bá ti yan ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí, ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ yín wo ojú lẹ́ńsì látiwájú. Ṣé ìmọ́lẹ̀ wà lórí dígí yẹn? Tó bá wà, tí oòrùn tàbí iná ọ̀hún ò sì sí nínú fọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ yà, húùdù níṣẹ́ ṣe. Tí ẹ ò bá lẹ́nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa wo inú kámẹ́rà, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ òsì ṣíji bo lẹ́ńsì láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ẹ gbé ọwọ́ lọ, ẹ gbé e bọ̀. Tí ibi dúdú bá ń dúdú sí i bẹ́ ẹ ṣe ń gbé ọwọ́ bọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn.

Tó bá wá jẹ́ pé oòrùn fúnra ẹ̀ ti wà nínú fọ́tò, ẹ má yọ ike lẹ́nu, kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ sún díẹ̀ kí orí ọkọ ìyàwó tàbí òpó bo oòrùn.

Súùmù ní ìwà tiẹ̀. Ibi tó fẹ̀ jù ni wọ́n máa ń wọn húùdù ẹ̀ sí, kó má baà yọjú sínú fọ́tò níbẹ̀, ìyẹn ni pé EW-88C tó tó yín ní 24mm ò tó nǹkan mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá dé 70mm. Níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kún un, tàbí ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ di abẹ̀bẹ̀ tàbí fáìlì mú lókè lẹ́ńsì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, àwọn kámẹ́rà kékeré tó ní dígí bíi ti ìwojú nínú (DSLR), ihò tẹ́ ẹ̀ ń yọjú wò kì í fi gbogbo fọ́tò hàn, nǹkan bíi 95 nínú 100 ni, ọwọ́ tí ẹ ò rí lè wà nínú fọ́tò. Ẹ lo sikíríìnì ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá ń ṣe irú ẹ̀, ìyẹn ń fi gbogbo ẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni mirrorless, kámẹ́rà tí ò ní dígí ìwojú yẹn nínú.

Ibi tí ò yẹ kẹ́ ẹ ti dé láìsí i

Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí 2024 bọ́ sí 18 oṣù kẹfà, ọdún tí fọ́tò àwọn ẹlẹ́ṣin kún íntánẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹlẹ́ṣin ò ní dúró kẹ́ ẹ wá ibi tí oòrùn wà, régbérégbé ń kọjá lọ pẹ̀lú aṣọ tó ń dán, ẹ̀yin ń yí sọ́tùn-ún yí sósì, ìṣẹ́jú kan oòrùn wà lẹ́yìn yín, ìṣẹ́jú kejì ó ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Nírú ibẹ̀, kò sáyè à ń yọ ọ́ à ń fi í, ẹ fi sílẹ̀ látàárọ̀.

Inú họ́ọ̀lù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé tí ò bá ti sí oòrùn, kò sí húùdù, bẹ́ẹ̀ inú họ́ọ̀lù burú ju ìta lọ nígbà míì. Iná LED aláwọ̀ oríṣiríṣi wà lẹ́sẹ̀ ìtàgé tó dojú kọ yín, onífídíò tún gbé iná funfun kan sí òdìkejì, ìyẹn sì lọ̀tá onífọ́tò, ó ń tẹ̀ lé tọkọtaya kiri, ẹ̀yin ò sì mọ ìgbà tó máa tàn sójú yín. Ijó àkọ́kọ́ tí iná aláwọ̀ àlùkò gba ẹ̀gbẹ́ bá lẹ́ńsì, gbogbo fọ́tò yẹn á ní àwọ̀ àlùkò tí ò kúrò lára funfun ìyàwó bó ti wù kẹ́ ẹ ẹ́díìtì ẹ̀ tó. Ṣọ́ọ̀ṣì náà, fèrèsé ńlá lẹ́yìn pẹpẹ.

Ààbò wá jẹ́ èrè orí ọjà. Ọmọdé tó fẹ́ fi ìka ọbẹ̀ kan dígí, ẹni tó ń náwó fún olórin tí ọwọ́ ẹ̀ ń lọ síbi gbogbo, ìfófòó wáìnì tí wọ́n ṣí, ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀ ń fi kámẹ́rà gbá bẹ́ ẹ ṣe ń sáré, húùdù ló ń gba gbogbo ẹ̀. Ike ló dáa fún èyí, tó bá fọ́, ẹ ra òmíràn, èyí onírin tó ń yí wọ ibi tí wọ́n ń yí fílítà sí lè gbé agbára ìgbá yẹn lọ sẹ́nu lẹ́ńsì kó sì tẹ̀ ẹ́. Òjò wínníwínní ò ní tètè kan dígí, eruku ọyẹ́ náà á dín kù, kì í ṣe pé kò ní dé ibẹ̀ o. Àwọn tó ní fílítà UV tó ti ń ṣọ́ lẹ́ńsì àwọn, mi ò bá yín jà, àmọ́ fílítà ń fi ojú dígí méjì kún èyí tó wà ńlẹ̀, húùdù ò fi nǹkan kan kún un. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan lowó ẹ gbà, húùdù ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ bá fẹ́ ya nǹkan láti inú ilé nípasẹ̀ fèrèsé, húùdù rọ́bà ni, ẹ tẹ ẹnu ẹ̀ mọ́ dígí kí iná inú ilé má baà hàn. Nínú bààlú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, fèrèsé ń gbọ̀n, fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa yọ ọ́

Fíláàṣì kékeré tó ń yọ jáde lórí kámẹ́rà ni àkọ́kọ́. Ìsàlẹ̀ ló wà, ibi tó fẹ̀ ní 18mm, húùdù á dúró lójú ọ̀nà ẹ̀, òjìji dúdú roboto á wà nísàlẹ̀ fọ́tò, àwọn tí ò mọ̀ á gbé kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ atúnkámẹ́rà ṣe. Fíláàṣì ńlá tẹ́ ẹ̀ ń kì mọ́ orí kámẹ́rà ga, kì í sábà ní wàhálà yìí.

Tẹ́ ẹ bá ń ya nǹkan kékeré láti tòsí, òrùka ìgbéyàwó, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ẹ yọ ọ́, húùdù á bo ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé orí nǹkan ọ̀hún. Pọlaráísà náà, ìyẹn fílítà tó ń dín dídán kù, ẹ gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ yí i, húùdù gígùn ò jẹ́ kí ìka dé ibẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ti yí i tán kẹ́ ẹ tó wé húùdù. Atẹ́gùn líle tí kámẹ́rà wà lórí tráípọ́ọ̀dù, húùdù gígùn á máa mú un gbọ̀n.

Tún wo ibi tẹ́ ẹ wà. Ọjà tàbí gárejì, lẹ́ńsì 70-200mm pẹ̀lú húùdù ẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n máa torí ẹ̀ bi yín pé ta ló rán yín.

Flare, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó tàn wọnú fọ́tò, tẹ́ ẹ fẹ́ fúnra yín ńkọ́, prewedding ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn wà lẹ́yìn tọkọtaya? Ó rẹwà, mo sì ń yà á. Ẹ yọ húùdù, ẹ sún díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi bọ́ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ yà á mélòó kan, ẹ wé e padà. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí èèyàn má ní húùdù kó wá máa pè é ní sítáìlì.

Ẹni tó jẹ́ fóònù ló fi ń yàwòrán, ẹ kọ́kọ́ nu ojú ẹ̀, torí òróró ìka ló ń fa ọ̀pọ̀ èéfín tẹ́ ẹ̀ ń rí, lẹ́yìn náà ọwọ́ yín ni húùdù.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí

Ìgbà yìí ló tó àsìkò kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ kọ ẹ̀yìn, kó lè wọ báàgì. Ẹ nu ibi tó ń dún kẹ́ yẹn, iyanrìn níbẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa mì. Ẹ má fi elewé gbé lẹ́ńsì dúró lórí tábìlì, ewé méjì ò lè gbé 24-70mm dúró. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ yín sí i, torí tí onífọ́tò mẹ́ta bá pàdé lóde kan tí gbogbo wọn ń lo lẹ́ńsì kan náà, húùdù ò ní mọ olówó ẹ̀. Ìta ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí o, inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú.